Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ọ̀gbìn Nílẹ̀ Yorùbá: Ẹ Ka Ẹ̀gẹ́ Tó Wà Nílẹ̀ Kí Ẹ Tó Pín Igi Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, àwọn Kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo mọ̀ pé lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì yín, pàápàá bí òjò bá ti ń sún mọ́lé. Gbangba ni mo fi tèmi sí, torí àgbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kì í wọ ọ́fíìsì yín, ó sì yẹ kó gbọ́ ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀.

Ìmọ̀ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn, ohun tí wọ́n máa ń bi mí tẹ̀lé e ni pé éékà mélòó ni oko mi. Mi ò lóko. Oko olóko ni mo máa ń rìn yíká pẹ̀lú ìwé àti bírò: eélòó lẹ fi gba ilẹ̀, eélòó lẹ san fún ẹni tó kọ ebè, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ro ó, ta ló rà á lọ́wọ́ yín, ṣé ó sanwó lójú ẹsẹ̀ àbí ó ní kí ẹ dúró di ọjọ́ ọjà? Àwọn tó mọ irú ẹ̀gẹ́ tó ń ta dáadáa, tí àrùn ò lè tètè mú, wà ní IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní ọdún 1967, ọpẹ́ wọn ò sì ṣeé dá tán. Ibi tí tiwọn bá parí sí ni ìbéèrè tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀: bó bá ta tán, ta ni yóò rà á, eélòó ni yóò sì kù sápò ẹni tó gbìn ín?

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, náírà já, gbogbo nǹkan sì fò sókè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè, ìyẹn NBS, ní iye owó oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Gàrí tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ mẹ̀kúnnù di ohun tí mẹ̀kúnnù ń wò lókèèrè. Ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ lọ́dún yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò sì ṣeé fi pamọ́: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì gbọ́, ọlọ́kadà gbọ́, oníṣọ́ọ̀bù ní Èkó gbọ́, kálukú wá ilẹ̀ gbà. Ìjọba náà ò gbẹ́yìn, wọ́n ń pín igi ẹ̀gẹ́ níwájú kámẹ́rà. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ o. Èyí tí wọ́n gbìn lójò 2024, ọdún 2025 ló ń wá sọ́jà. Nígbà tó dé, pọ̀ọ̀ ló dé lẹ́ẹ̀kan náà. Iye rẹ̀ já débi pé àwọn kan ò wulẹ̀ wú u mọ́, torí owó ẹni tó máa wú u àti ti ọkọ̀ tó máa gbé e ti ju ohun tí oníbàárà fẹ́ san lọ.

Àwọn kan ń sọ pé oúnjẹ tí ìjọba àpapọ̀ gbà kí wọ́n kó wọlé láìsan owó ibodè ló fà á, ètò tí wọ́n kéde ní oṣù keje ọdún 2024 fún àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà. Ó lè lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ti ń ṣe báyìí kí ètò yẹn tó wáyé. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí ìgbà Ọbásanjọ́. Ní ọdún 2002 ni wọ́n gbé ètò ẹ̀gẹ́ tìlù-tìfọn jáde, tí wọ́n ní a máa tà á sókè òkun, pé ìyẹ̀fun rẹ̀ máa wọnú búrẹ́dì. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́rọ̀, wọ́n gbin-gbin-gbin. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gẹ́ ń ṣègbé nínú oko. Àwọn tó jẹ báńkì lówó nígbà yẹn ò tún fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀gẹ́, wọ́n sá fún un. Nígbà tí wọ́n sá tán, ó tún wọ́n.

Kì í ṣe àjẹ́ ló ń ṣe é. Ní ọdún 1928, ọmọ Jámánì kan, Arthur Hanau, ṣàkíyèsí irú rẹ̀ lára ẹlẹ́dẹ̀ ìlú wọn: bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bá wọ́n, gbogbo àgbẹ̀ á máa sìn ín, kí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó dàgbà tó pípa, ìgbà ti yí, ẹran á pọ̀ lọ́jà, iye á já, wọ́n á pa sísìn tì, á sì tún wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní ọdún kejì ní yunifásítì. Mo máa ń ṣe kàyéfì pé ìdánwò rẹ̀ nìkan ni a máa ń ṣe, a kì í gbé e lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́.

Ti ẹ̀gẹ́ wá le ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò ní torí pé gàrí pọ̀ kó wá máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ikùn ní ìwọ̀n. Nítorí náà, bí irè bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, iye rẹ̀ á fi púpọ̀ já. Kò sì ṣeé kó pamọ́ bí àgbàdo: ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá wú u, inú rẹ̀ á ti dúdú. Wọ́n á ní kí àgbẹ̀ fi sínú ilẹ̀ títí ọjà á fi dáa. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n háyà ní ọjọ́ tí onílẹ̀ máa gbà á, màlúù ń bọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ̀gẹ́ tó bá sì pẹ́ jù nílẹ̀ á di igi, sítáàṣì inú rẹ̀ á dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Owó àpẹẹrẹ ni mo lò, kì í ṣe iye ọjà, kó kàn lè rọrùn láti pín ni. Ká ní éékà kan jẹ N400,000 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣán igbó títí wọ́n fi wú ẹ̀gẹ́, tí ó sì so tọ́ọ̀nù 4. Tọ́ọ̀nù kan ti jẹ N100,000 kó tó kúrò lóko. Ká ní ọkọ̀ gba N15,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, tí ilé-iṣẹ́ sì ń rà á ní N70,000. Àgbẹ̀ ti fi N45,000 ṣòfò lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, N180,000 lórí éékà. Àwọn òṣìṣẹ́ yín á ní irúgbìn tó dára ni ojútùú rẹ̀. Ó dáa. Kí éékà yẹn so tọ́ọ̀nù 8. Tọ́ọ̀nù kan wá di N50,000 lóko, ọkọ̀ sọ ọ́ di N65,000, èrè N5,000 yọjú. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n bí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò bá gba irúgbìn yẹn lọ́jọ́ kan náà, tí tọ́ọ̀nù wọn sì di ìlọ́po méjì lọ́dún kan náà, ṣé N70,000 yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ á ṣì máa san? Ìbéèrè yìí kì í sí nínú ìwé ètò tí mo máa ń rí. Iye igi tí wọ́n fẹ́ pín máa ń wà níbẹ̀, iye àgbẹ̀ máa ń wà, iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n ń retí máa ń wà. Iye owó tí wọ́n fi ṣírò èrè náà, ti ọdún ọ̀wọ́n ni.

Wọ́n ń sọ pé àwa là ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, nǹkan bí mílíọ̀nù 60 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Òótọ́ ni pé àwa la ṣíwájú. Thailand tí tiwọn jẹ́ nǹkan bí ìdajì tiwa ló sì ń tà á sókè òkun jù, torí ilé-iṣẹ́ sítáàṣì wọn àti oníbàárà wọn ní China ti wà níkàlẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá bi mí bí wọ́n ṣe ka mílíọ̀nù 60 yẹn, màá ní ká jókòó ná.

Ẹ bi àgbẹ̀ àgbà kan ní Ìbàràpá bí oko rẹ̀ ṣe tó. Kò ní dárúkọ éékà. Igba-igba ni àwọn bàbá yẹn ń ka ebè, torí òun ni wọ́n fi ń sanwó fún alágbàṣe. Ó máa sọ pé, "Igba mẹ́wàá ni mo kọ." Ebè 2,000 nìyẹn. Ọmọ ìlú ńlá tí wọ́n rán wá gba ìwádìí, tí kò gbọ́ irú kíkà bẹ́ẹ̀ rí, á kọ "mẹ́wàá" sílẹ̀, á fi éékà sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ìdí ẹ̀gẹ́ kan bá fi mítà kan-kan jìnnà sí èkejì, nǹkan bí 4,000 ló máa wà nínú éékà kan. Ìdajì éékà ni bàbá ní. Ìwé ti sọ ọ́ di mẹ́wàá. Ìwé yẹn ló máa gòkè dé ọ́fíìsì yín, tí ẹ máa fi ka ọ̀rọ̀ sí gómìnà létí.

Ẹ tún wá sọ́jà. Kóńgò gàrí kan ní Ẹrúwà àti kóńgò kan ní Bódìjà kì í ṣe ohun kan náà. Ẹnì kan á bu gàrí lé e gègèrè títí yóò fi máa ya sílẹ̀, ẹnì kan á fi ọwọ́ nù ún kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹlòmíràn ti fi òòlù lu ìdí kóńgò wọnú kó tó kúrò nílé. Gàrí tó yan dáadáa sì fúyẹ́ ju èyí tí omi ṣì wà lára rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá mọṣẹ́ wa fi máa ń gbé òṣùwọ̀n dání lọ́jà. Á ra kóńgò kan, á dà á sórí òṣùwọ̀n níṣojú ẹni tó tà á, á kọ kílò rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú owó tó san. Ìyá náà á kọ́kọ́ bínú, á ní ṣé olè lo pe òun ni. Tó bá yá, òun náà á ní kí o wọn ti ẹni tó jókòó tì í wò.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. NBS ń gbé iye owó oúnjẹ jáde lóṣooṣù, gàrí funfun àti pupa wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ó wúlò fún wa gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ san nìyẹn. Ohun tó wọ ọwọ́ àgbẹ̀ ní ẹnu oko, kò sí níbẹ̀, àárín méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ sì wà: ọkọ̀, epo, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú títì, owó rírin ẹ̀gẹ́ àti yíyan gàrí, èrè alájàpá.

Ẹ jọ̀ọ́, níbi tí mo ti dárúkọ alájàpá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn obìnrin yẹn. Gbogbo ìgbà tí gàrí bá wọ́n ni mo ń gbọ́ ọ látẹnu àwọn aláṣẹ pé alájàpá ló ń kó ẹ̀gẹ́ pamọ́. Ẹ̀gẹ́ tí kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ibo ni wọ́n fẹ́ kó o pamọ́ sí? Alájàpá ló ń yá àgbẹ̀ lówó ìroko nígbà tí báńkì ò dá a lóhùn. Òun ló ń ra odidi oko lójú lásán, láì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí kò bá ta, òun ló gbé e. Òótọ́ ni pé ẹni tó ti gba owó rẹ̀ kò lè ná ọjà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́, ìyẹn sì ń dun àgbẹ̀. Ohun tó máa tú okùn yẹn ni kí àgbẹ̀ mọ iye tí ẹ̀gẹ́ jẹ́ ní ọjà mẹ́ta míì kó tó la ẹnu.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe oògùn gbogbo nǹkan. Ní Niger, aládùúgbò wa lápá àríwá, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan láti Amẹ́ríkà, Jenny Aker, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù alágbèéká dé àwọn ọjà ọkà láàárín ọdún 2001 sí 2006. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín iye ọkà ní ọjà kan sí ìkejì fi ìdá 10 sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ padà wo ti àgbẹ̀, iye tí àgbẹ̀ ń gbà kò lọ sókè. Alájàpá tó ti ní fóònù àti ọkọ̀, àti ẹni tó ń rà á jẹ, ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń wọlé tọ̀ ọ́ lédè rẹ̀, kó sì kan ìgbà gbígbìn, kì í ṣe ìgbà títà nìkan. Iye tòní ń ràn án lọ́wọ́ láti tà. Iye éékà tó ti wà nílẹ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́ láti pinnu bóyá kó tiẹ̀ gbìn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kí ìjọba padà máa dá iye lé irè olóko. Àwọn bàbá tó ta kòkó fún bọ́ọ̀dù ìjọba kí wọ́n tó fòpin sí i ní 1986 mọ ohun tí wọ́n gbà àti ohun tí òyìnbó san. A kò tún fẹ́ ìyẹn.

A kò ṣàìní irú wa náà. Hezekiah Oluwasanmi tó darí Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1966 sí 1975, iṣẹ́ yìí ló kọ́. Akinwumi Adesina kọ́ ọ ní Ifẹ̀ kó tó lọ sí Purdue ní Amẹ́ríkà, ó ṣe mínísítà ètò ọ̀gbìn láti 2011 sí 2015, ó sì darí Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà títí di 2025. Òkè kún. Ìsàlẹ̀ ló ṣófo. Àwọn ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí Báńkì Àgbáyé fi owó dá sílẹ̀ ní ẹ̀ka tó yẹ kó máa kọ iye ọjà àti iye oko sílẹ̀. Nígbà tí owó òyìnbó tán, ẹ̀ka yẹn ló kọ́kọ́ gbẹ, torí kò sí ohun tí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ ibi tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ti ń jókòó sí ọ́fíìsì, tó ń fi fóònù bi ẹni tó mọ̀ ní ọjà kan bí gàrí ṣe rí, tó sì ń kọ ìdáhùn yẹn fún gbogbo agbègbè. Mi ò bá a wí. Owó ọkọ̀ rẹ̀ lásán, kò rí i gbà.

Àwa tá a wà ní yunifásítì náà, a ò mọ́. A máa bi àgbẹ̀ 120 ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìbéèrè, a máa fi tábìlì kún inú ìwé, ìparí rẹ̀ á sì jẹ́ pé kí ìjọba yá àwọn àgbẹ̀ lówó. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá nínú irú ìwé wa, ẹ ti ka gbogbo rẹ̀. A gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, àgbẹ̀ tí a bi ní ìbéèrè kò gbọ́ èsì rẹ̀ láéláé.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Kí agbègbè ADP kọ̀ọ̀kan ní onímọ̀ ọrọ̀-ajé àgbẹ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọjà àti oko, kì í ṣe ìpàdé. Kó ní àwọn ọmọ tó ń lọ sí ọjà ọrọọrún pẹ̀lú òṣùwọ̀n, tí wọ́n ń bi àgbẹ̀ ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Kí rédíò máa kà á ní Yorùbá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí wọ́n tó lọ sóko. Irú ilé-iṣẹ́ rédíò bí Amùlùdùn ní Mọ̀níyà ti ní etí àwọn èèyàn yẹn tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n sì ka ẹ̀gẹ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ kéde rẹ̀ bó ti wù kó rí, bí kò tilẹ̀ bá ètò tí gómìnà fẹ́ ṣí mu. Ẹ̀gẹ́ ṣàánú wa níbí yìí: ó tó bí ọdún kan kó tó gbó, nítorí náà ohun tó máa dé ọjà lọ́dún tó ń bọ̀ ti dúró nínú oko báyìí, ẹni tó bá rìn débẹ̀ á rí i.

Ní ti igi tí ẹ ń pín, ẹ má pín in lọ́dún tí iye wà lókè pátápátá. Ẹ pín in lọ́dún tí àwọn àgbẹ̀ ń sá. Mo mọ̀ pé òṣèlú kò fẹ́ràn ìyẹn, torí ọdún ọ̀wọ́n ni ìlú ń pariwo. Kí ẹ sì tó pín in, ẹ mú ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó máa ra irè náà wá ná, kí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sì wà nítòsí oko. Ní Adó-Àwáyè, lọ́nà Ìsẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ Psaltry kọ́ tiwọn sáàárín àwọn àgbẹ̀, ó ń sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì àti ṣọ́bítọ́ọ̀lù, èyí tó ń wọnú ọṣẹ ìfọyín. Ikùn nìkan kọ́ ló ń ra ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kan ò lè ra ti gbogbo Òkè-Ògùn, ẹ̀yin náà mọ̀.

Ẹ ó ní owó ò sí. Iye tí lọ́rì igi ẹ̀gẹ́ mélòó kan ń jẹ, pẹ̀lú kánópì, ìjókòó àti ti àwọn oníròyìn lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó tó ra òṣùwọ̀n, ó sì tó san owó ọkọ̀ àwọn ọmọ yẹn fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fi ohùn ṣọ̀kan. Ẹ mú Ìbàràpá nìkan, ọjà mẹ́rin, òṣùwọ̀n mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin tó mọ ohun tí igba ebè jẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, kí iye éékà tó wà nílẹ̀ ti jáde lórí rédíò kí lọ́rì igi àkọ́kọ́ tó gbéra lóṣù kẹrin. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ náà, mo ṣe tán láti wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹ kàn sọ ọjà tí a máa pàdé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Onímọ̀ ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, Ìbàdàn.